Igbó tí omi wọ̀ ń mọ́lẹ̀ sí i nínú àwòrán rédà: kí ló fà á?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Odò kan kún kọjá bèbè rẹ̀, mo sì ń fi àwòrán rédà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì Sentinel-1 wá ibi tí omi náà dé, nítorí pé ìkùukùu kò jẹ́ kí kámẹ́rà àwọn sátẹ́láìtì mìíràn rí ilẹ̀. Lórí pápá gbalasa, omi dúdú kirikiri bí mo ṣe retí, ṣùgbọ́n igbó etí odò, tí ó dájú pé omi ti wọ̀, wá mọ́lẹ̀ ju ti ìgbà tí ó gbẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n ọ̀rinrin ilẹ̀ tí SMAP, sátẹ́láìtì tí ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, gbé jáde fún agbègbè náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Èsì kìíní
Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Rédà a máa rán ìgbì sí ilẹ̀, a sì máa wọn èyí tí ó padà; ẹ̀gbẹ́ ni ó sì ti ń wo ilẹ̀. Nítorí náà, ìgbì tí ó bá bọ́ sórí omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ yóò ta lọ síwájú bí ìmọ́lẹ̀ orí dígí, kò ní padà síbi tí ó ti wá, ojú ibẹ̀ yóò sì dúdú. Nínú igbó, ìgbì náà á ta lára omi, á lu ìtì igi, ìtì igi á sì dá a padà sí sátẹ́láìtì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ìgbì Sentinel-1 kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.5 lọ, ewé tí ó bá dí pinpin lè dá a dúró kí ó tó kan omi. NISAR, sátẹ́láìtì rédà mìíràn tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù Keje ọdún 2025, ní ìgbì tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 24. Òun ni mo máa fọkàn tán jù fún igbó tí ó kì.

Èsì kejì
Ní ti SMAP, kì í rán ìgbì kankan mọ́ láti ìgbà tí rédà rẹ̀ ti dẹ́kun iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2015, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí ó gbéra. Ó kàn ń gba èyí tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tú jáde ni. Ti ilẹ̀ tútù kéré sí ti ilẹ̀ gbígbẹ, ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n sì fi ń ṣírò ọ̀rinrin inú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 òkè ilẹ̀. Ibi tí ó ń wò lẹ́ẹ̀kan náà fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 40, omi etí odò tóóró yóò sọnù sínú rẹ̀. Ṣáájú ìkún omi gan-an ni ó wúlò: bí ilẹ̀ bá ti mumi yó, òjò tí ó bá tún rọ̀ kò ní ráyè wọlẹ̀, odò ni yóò dà sí.

Èsì kẹta
Mo fara mọ́ àlàyé àwọn tó ṣáájú mi, àfi kí n fi kún un pé dúdú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí omi. Ọ̀nà ọ̀dà àti iyanrìn gbígbẹ náà a máa dúdú, afẹ́fẹ́ sì lè ru ojú omi sókè títí tí yóò fi mọ́lẹ̀ bí ilẹ̀, pàápàá nínú àwòrán VV (èyí tí rédà rán ìgbì rẹ̀ ní òró, tí ó sì gbà á padà ní òró). Ẹ mú àwòrán tí ó ti wà kí odò tó kún, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti ọ̀nà kan náà tí sátẹ́láìtì gbà kọjá, kí igun tí rédà fi wolẹ̀ má baà yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo VV àti VH (èyí tí rédà rán ìgbì rẹ̀ ní òró, ṣùgbọ́n tí ó gbà á padà ní ìbú) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí igbó náà bá mọ́lẹ̀ sí i gidigidi nínú VV, tí VH kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ó ṣeé ṣe gan-an pé omi ni ó wà lábẹ́ igi.