Ẹ sọ tiyín: ta ló ti fojú kan ewéko oníkòkò rí, èyí tí ewé rẹ̀ ń yọ ìkòkò tó fi ń mú kòkòrò jẹ?

Bọ̀dá Sabah
Èmi ti rí i, ẹ̀yin ará, lórí Òkè Kinabalu ní erékùṣù Borneo, lápá Màléṣíà. Ọdún 2013 ni, nígbà tí mò ń kàwé lọ́hùn-ún. Amọ̀nà kó wa lọ sí Mesilau, ibi tó ga tó bíi 2,000 mítà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa o! Kùrukùru bolẹ̀, òjò ò rọ̀, aṣọ sì tutù mọ́ wa lára.

Nepenthes rajah lorúkọ ewéko tí mo rí. Kinabalu àti Òkè Tambuyukon tó wà nítòsí nìkan ló ń hù sí láyé, láti 1,500 mítà dé 2,650. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún níkẹ́ẹ̀lì, irú irin kan, oúnjẹ ewéko ò sì tó nǹkan nínú rẹ̀. Ṣónṣó ewé ni ìkòkò ti ń yọ, á wá jókòó sílẹ̀. Èyí tó tóbi lè gba omi tó ju 3 lítà.

Mo rò pé kòkòrò ni màá rí tó ń kú sínú rẹ̀. Àfi bí ẹranko kékeré kan tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe gun ẹnu ìkòkò, tó ń lá oje dídùn abẹ́ ọmọrí. Ìkòkò yẹn gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ kan oje, ìdí rẹ̀ á wà lókè ihò gan-an. Ó yàgbẹ́ sínú rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ! Náítírójìn inú ìgbẹ́ yẹn, oúnjẹ tí ilẹ̀ ibẹ̀ ò fún un tó, ni ewéko ń jẹ. Tí ilẹ̀ bá ṣú, eku orí òkè náà á wá ṣe tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní gbé ẹranko náà mì ni? Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ lọ wò ó.

Bọ̀dá Sabah
Ó ṣọ̀wọ́n, Ìyá Ìbejì. Hugh Low àti Spenser St. John, àwọn Òyìnbó méjì tó gun òkè náà ní 1858, bá òkú eku nínú ìkòkò kan. Ti àwọn ọmọ, ìmìtìtì ilẹ̀ June 2015 ba ọ̀nà Mesilau jẹ́, wọ́n sì tì í pa. Ẹ má sì dá ẹni tó bá fẹ́ ta èyí tí wọ́n hú nínú igbó lóhùn o, òfin àgbáyé kà á léèwọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Èmi ò gun òkè kankan ní tèmi. Ní Sarawak, ìpínlẹ̀ Màléṣíà kan ní Borneo, ìkòkò irú ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rọ ìrẹsì àti wàrà àgbọn sí, wọ́n á sè é, bí a ṣe ń fi ewé pọ́n mọ́ínmọ́ín. Mo kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fọ kòkòrò kúrò ná. Ó dùn o.