"Ìṣọ̀kan" kọ́, ìmúdọ́gba ni

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, kí àwòrán ọpọlọ tó lè dára (Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní shimming), ní "ìṣọ̀kan pápá òòfà". Pápá òòfà ni ibi tí agbára òòfà dé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò bá a mu, mi ò sì lè dákẹ́. Ẹni tó lè jà ló lè ṣọ̀kan. Òòfà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí à ń wí ni pé kí agbára òòfà tó wà níwájú orí bá èyí tó wà nípàkọ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí dọ́gba.

Àbúrò tó dá wọn lóhùn sún mọ́ ọn, àfi pé ó kọ "ìdọ́gbà". Àbúrò, ta ló ní kí o fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ parí rẹ̀? Dá àti ọgba ló bí dọ́gba, ọgba tó wà nínú ọgbọọgba. Bí o bá rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀, ọgbà ló kù sí wa lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ń gbin òdòdó sí.

Ìjà mi gan-an wà lórí "mú". Ẹ̀gbọ́n ní bí a ò bá tiẹ̀ gba "ìṣọ̀kan", àsọdùn ni "mú" inú "ìmúdọ́gba" tèmi, pé "ìdọ́gba" nìkan ti tó. Kò tó. Ìdọ́gba ni ipò tí pápá wà. Ìmúdọ́gba ni iṣẹ́. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ti to irin pẹlẹbẹ sí ara ihò rẹ̀ títí pápá inú rẹ̀ fi dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ nígbà náà. Bí orí bá ti wọlé báyìí, ìdọ́gba náà bàjẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran ara, afẹ́fẹ́ ló kún àwọn ihò inú egungun tó yí imú ká àti ihò etí, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà dá òòfà lóhùn ò sì jọra: ìyàtọ̀ wọn tó nǹkan bí 9 nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ má pè é ní kékeré. Lórí ẹ̀rọ 3 tesla (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà), ìyàtọ̀ 1 péré nínú mílíọ̀nù kan ń fi nǹkan bí 128 kún iye ìgbà tí ọkàn háídírójìn (àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù rẹ̀) ń yí po ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Nítorí ìyẹn, nínú àwòrán tí wọ́n ń yà wàràwàrà, apá ọpọlọ tó wà lókè ojú á ṣókùnkùn, tàbí kó fà bíi rọ́bà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbí, orí ò wọ́, àwòrán rẹ̀ ló wọ́. Ẹ̀rọ á wá rán iná gba inú àwọn wáyà tí wọ́n ká sí ara rẹ̀, ìwọ̀n tó bá orí yẹn nìkan mu. Ẹni yẹn bọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn gorí rẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, torí ihò imú ènìyàn méjì ò rí bákan náà. Àwọn kan tiẹ̀ ń tún un ṣe fún ègé àwòrán ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń mú dọ́gba látàárọ̀ ṣúlẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ yọ "mú" kúrò lórúkọ rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n ní ó pẹ́ tí àwọn ti ń kọ́ni ní èdè. Mo gbà, mo sì kí wọn. Ẹnu bàbá mi lèmi ti gbọ́ tèmi. Káfíńtà ni wọ́n. Bí tábìlì bá ń mì, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ki pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e, wọ́n á ní "kò tíì dọ́gba", wọ́n á tún fi òmíràn kún un. Irú pátákó yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shim, òun náà ni wọ́n sọ iṣẹ́ orí ẹ̀rọ yìí. Ẹ ò rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi bàbá mi làwọn náà ti yá a.

Ẹni tó ní "pápá" fúnra rẹ̀ ò yẹ, pé ibi tí màlúù ti ń jẹko ni, mo gbọ́. Ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn, mi ò sì tíì gbà.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe iṣẹ́ igi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn? A nílò orúkọ fún irin tó wà lára ẹ̀rọ náà. "Gbé ìyẹn wá" ni bàbá mi máa ń sọ fún mi, mi ò sì bi wọ́n léèrè títí wọ́n fi lọ.