Níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí GRB 221009A kọ mànà?

OjúSánmọ̀:
Ẹ̀yin ará ilé, ọjọ́ kan ni mo fẹ́ bi yín: ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹwàá 2022. Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 17 ní Nàìjíríà ni sátẹ́láìtì Fermi rí GRB, ìyẹn ìtànṣán gámà tó ń bú jáde lójijì láti ọ̀nà jíjìn lójú sánmọ̀, tí wọ́n wá sọ ní BOAT (“brightest of all time”), èyí tó mọ́lẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí ọmọ aráyé ti rí. Èmi wà níbi ìkómọ ní Mushin, àmàlà wà níwájú mi. Ìtànṣán gámà ń rọ̀ lé wa lórí, a ò mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹni tó bá wà nídìí awò awọ̀nàjíjìn lọ́jọ́ náà, kó sọ tẹnu ẹ̀.

Gbénga_L:
Kò rọ̀ lé ọ lórí o. Afẹ́fẹ́ ayé gbé e mì kó tó dé ilẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé awò gámà lọ sókè ọ̀run nìyẹn. Máa jẹ àmàlà ẹ.

Ará_CapeTown:
Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n sinmi.

Mo ń kàwé ní Cape Town nígbà náà. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé iṣẹ́ lọ́jọ́ náà: bí ìpè bá ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì wọlé, èmi ni mo máa sọ bóyá ká yí awò sí i tàbí ká fi sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, a ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé ọ̀rẹ́ mi kan. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún. Swift, sátẹ́láìtì mìíràn tó ń wá GRB, ti rí nǹkan. Mo wo orúkọ tí wọ́n fún un: Swift J1913.1+1946. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé wọn kì í sọ GRB lórúkọ báyẹn. Orúkọ nǹkan inú agboolé tiwa ni, inú Milky Way níbí. Ibi tó sì wà, lágbègbè Sagitta, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìràwọ̀ ti ṣù jọ ni. Mo ní, “Ará ilé ni, kò kánjú.” Mo ti fóònù bọ àpò, mo lọ yí ẹran.

Àṣé Fermi ti rí mànà gan-an ní ìṣẹ́jú 53 ṣáájú. Ògúnná tó kù nílẹ̀ ni Swift bá, ògúnná náà sì pọ́n débi pé ẹ̀rọ rò pé iná tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn nítòsí. Ìgbà tí mo fi máa ṣí íméèlì lálẹ́, gbogbo ayé ti ń kọ̀wé síra wọn. Mo pe ẹni tó ni awò lálẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lè pa iṣẹ́ òun tì torí nǹkan témi fúnra mi ti kọ̀ lọ́sàn-án. Kò sì parọ́.

Alábẹ̀ẹ́rẹ́:
Ẹran wo ni?

Ará_CapeTown:
Àgùntàn.

Alábẹ̀ẹ́rẹ́:
Ó yé mi.

Ìyá Ẹniọlá:
😂 Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Tìẹ ló dorí kodò: o rò pé ó wà lápò ṣòkòtò, ó kọjá Sókótó ní bílíọ̀nù ọdún.

Gbénga_L:
Ẹ má fi ṣẹ̀sín jù mà. Àwọn tó ni Swift gan-an ló fún un lórúkọ yẹn. Ìgbà tó yá ni wọ́n so ó mọ́ èyí tí Fermi rí, tí awò ńlá VLT ní Chile sì wọn bí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ṣe fà gùn (redshift), 0.151. Bílíọ̀nù ọdún 1.9 ni ìmọ́lẹ̀ náà fi rìn kó tó bá wa.

Kò-kàn-mí:
2.4 ni mo kà.

Gbénga_L:
Méjèèjì tọ̀nà. 1.9 ni iye ọdún tó fi rìn. 2.4 ni ọ̀nà jíjìn tí wọ́n fi ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rẹ̀yìn sí. Òfuurufú ń fẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ ni.

Kò-kàn-mí:
Tí mo bá wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, ṣé iye máìlì méjì ni wọ́n máa kà fún mi?

Gbénga_L:
Tí wọ́n bá ń fa títì gùn sí i bó o ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni.

Alábẹ̀ẹ́rẹ́:
Títì Ìbàdàn sí Èkó náà lẹ ń sọ yẹn. Mo ti sùn níbẹ̀ rí.

BàbáShortwave:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, awò, awò, awò. Rédíò lèmi fi bá a pàdé. Mo wà nílé mi ní Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mò ń gbọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ òkèèrè kan. Ohùn ọkùnrin tó ń ka ìròyìn kàn dédé rẹlẹ̀, ó wá ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń da yanrìn sórí páànù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo kà pé GRB yẹn da ionosphere rú, ìyẹn ìpele afẹ́fẹ́ òkè tó ń ta igbì rédíò padà. Mo pe ìyàwó mi, mo ní, “Wá wò ó, a gbọ́ ọ!”

Alábẹ̀ẹ́rẹ́:
Bàbá, NEPA ni.

BàbáShortwave:
Bátìrì ni mò ń lò.

Gbénga_L:
Bàbá, ẹ má bínú. Ká ní FM lẹ sọ ni, ǹ bá ní rárá, torí FM kì í ti ara ionosphere ta padà. Shortwave máa ń ta. Òótọ́ sì ni pé ó da ionosphere rú fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn tó ń ṣọ́ igbì rédíò VLF nílé ara wọn ní Yúróòpù rí àmì ẹ̀ lórí ìwé wọn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọ̀sán gangan ni níhìn-ín. Orí India ni ìtànṣán náà ti ń bọ̀ tààrà. Lọ́dọ̀ tiwa ó dà gẹ̀rẹ́ ní apá ìlà-oòrùn, oòrùn tiwa fúnra ẹ̀ sì ti ń se ionosphere látàárọ̀. Aago mélòó lẹ gbọ́ ọ?

BàbáShortwave:
Méjì sí mẹ́ta. Mo máa wá ìwé mi. Láti 1979 ni mo ti ń kọ gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ẹniọlá:
Kí bàbá tó rí ìwé, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Nàmíbíà ni mo wà, lókè Khomas, ní H.E.S.S., ibùdó awò tó ń ṣọ́ gámà. Jámánì ni mo ti ń kàwé, wọ́n wá rán mi lọ ṣọ́ awò. Awò wọ̀nyẹn kì í rí gámà fúnra ẹ̀. Tí gámà alágbára bá já lu afẹ́fẹ́, àwọn nǹkan kéékèèké tó bá tú jáde máa ń tan iná búlúù kan tí kò pẹ́ bí ìṣẹ́jú. Kí ni mò ń wí, kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Iná yẹn ni awò ń mú. Nítorí náà òkùnkùn biribiri la fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́: òṣùpá àrànmọ́jú ni lálẹ́ ọjọ́ náà. Òṣùpá tó kún bámú, tó mọ́lẹ̀ débi pé mo lè to ìlẹ̀kẹ̀. A ti kámẹ́rà pa. Ayò ọlọ́pọ́n ni mò ń kọ́ àwọn òyìnbó ta. Ìpè wọlé, a jọ ń wojú òṣùpá bí ìgbà tí àlejò bá jókòó tí kò fẹ́ lọ mọ́. Wákàtí 53 lẹ́yìn tó kọ mànà la tó ríbi yí awò sí i. A ò rí nǹkan kan. Iná ti kú, ògúnná gan-an ò gbóná tó mọ́ fún awò tiwa.

Àwọn Ṣáínà ló jẹ ẹ́. LHAASO wà lórí òkè Sichuan, 4,410 mítà sókè, adágún omi tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un. Òṣùpá kò kàn wọ́n, oòrùn kò kàn wọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú 50 péré, gámà tó lé ní 64,000 ni wọ́n kà. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní tàn yín.

Ará_CapeTown:
Ẹ ṣé mà. Ó kéré tán, òṣùpá ló pa tiyín. Àgùntàn ló pa tèmi.

OjúSánmọ̀:
Mo fẹ́ràn ògúnná yẹn. Kí la wá ń pe GRB fúnra ẹ̀? Ìbúgbàù ìtànṣán gámà ni mo máa ń kọ.

Ìyá Ẹniọlá:
Ìbúgbàù ti jọ ti bọ́ǹbù jù. Ó kọ mànà, ó lọ. Mànàmáná gámà.

Gbénga_L:
Mànàmáná a máa ní àrá. Èyí ò ní àrá.

Ìyá Ẹniọlá:
Ìràwọ̀ ńlá tó wó lulẹ̀ tó di ihò dúdú, kò tó àrá lójú tìẹ?

Ẹ̀kúndayọ̀77:
Ẹ pè é ní GRB kẹ́ ẹ jẹ́ ká sùn.

Kò-kàn-mí:
Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín 10,000 ọdún ni irú ẹ̀ máa ń wá. Ta ló wà láyé láti kà á? Ọdún 1967 ni sátẹ́láìtì Vela rí àkọ́kọ́.

Gbénga_L:
Wọn ò kà á, wọ́n ṣírò ẹ̀ ni. Wọ́n kó nǹkan bí 7,000 GRB jọ, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀wọ́n tó bí ìmọ́lẹ̀ wọn bá ṣe ń pọ̀. Bí o bá mọ iye ẹja kékeré tó ń wọ àwọ̀n ẹ lọ́sẹ̀ kan, wàá mọ iye ọdún tó o máa fi dúró de àbọ́rí.

Kò-kàn-mí:
Èmi ti pa àbọ́rí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ju àwọ̀n.

Gbénga_L:
Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn o! 😂

Alábẹ̀ẹ́rẹ́:
Ṣé lóòótọ́ ni pé ibẹ̀ ni wúrà ti ń wá?

Ará_CapeTown:
Ti 17 Oṣù Kẹjọ 2017 lo ń rò. Ìràwọ̀ neutron méjì ló kọlu ara wọn níyẹn. LIGO, ẹ̀rọ tó ń mú igbì gravity, gbọ́ ọ, Fermi rí mànà rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1.7. Àwa ní Sutherland, ibùdó awò ní South Africa, wò ó kété tí oòrùn wọ̀, torí kò ní pẹ́ wọ̀ tẹ̀lé oòrùn. Wúrà wà nínú ìyẹn. Ti BOAT, awò òfuurufú James Webb wá a lóṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ó rí ìràwọ̀ tó bú, kò rí àpẹẹrẹ wúrà kankan.

Alábẹ̀ẹ́rẹ́:
Gbogbo ariwo yẹn, kò sí wúrà.

OjúSánmọ̀:
Ará_CapeTown, kí lo wá ṣe sí fóònù ẹ?

Ará_CapeTown:
Agogo ló ń lù báyìí, ìpè yòówù kó jẹ́. Ìyàwó mi ti kó lọ sùn ní pálọ̀.

BàbáShortwave:
Mo ti rí ìwé náà. 9 Oṣù Kẹwàá ni lóòótọ́, aago méjì àbọ̀. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀ ni: “Ohùn ń rẹlẹ̀. Pààrọ̀ bátìrì.”