Wọ́n fún wa ní igun kékeré nínú ọgbà ìgbafẹ́, báwo la ṣe máa sọ ọ́ di ilé ẹyẹ àti labalábá?

Ọmọ_Ewéko:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò wa ti yọ̀ǹda igun kan fún àwa mélòó kan, kò ju mítà 10 sí 10 lọ, ká sọ ọ́ di ibi tí àwọn ẹ̀dá tó jẹ́ ti ilẹ̀ yẹn gan-an á ti máa rí ilé gbé, ẹyẹ o, labalábá o, oyin o, ọ̀pọ̀lọ́ o. Báyìí koríko tí wọ́n ń gé mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo nìkan ló wà níbẹ̀, èèyàn lè dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rí labalábá kan ṣoṣo. Àwọn kan ń sọ pé ibi tí kò tó nǹkan bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe wọ́n lóore, àwọn míì ní ẹ̀fọn àti ejò la fẹ́ kó wá bá ọmọ wọn. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe, igi ni àbí òdòdó, àbí ká ra àwọn àpótí oníhò tí wọ́n ń tà fún oyin yẹn?

Ìyá_Labalábá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, inú mi dùn gan-an sí èyí. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi bó ṣe kéré dẹ́rù bà yín. Irú oyin tó wà láyé lé ní 20,000, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í sì í gbé pọ̀ nínú afárá, kálukú ló ń dá ilé ẹ̀ kọ́, àwọn tí ara wọn kéré kì í fò jìnnà ju mítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ sí ilé wọn. Fún irú wọn, tí oúnjẹ àti ilé bá ti wà ní mítà 10 sí 10 yẹn, ó tó wọn gbé.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo ẹ̀ lọ ni ewé. Gbogbo èèyàn ló ń sáré wá òdòdó, òdòdó dáa, àmọ́ labalábá tó ti dàgbà nìkan ló ń bọ́, ọmọ ẹ̀ ewé ló ń jẹ, kì í sì í ṣe ewé kéwé. Monarch, labalábá tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Amẹ́ríkà yẹn, ewé ewéko kan tó ń jẹ́ milkweed nìkan ni ọmọ ẹ̀ ń jẹ, tí kò bá rí i á kú ni, ì báà jẹ́ òdòdó rẹpẹtẹ ló yí i ká. Ẹyẹ náà ńkọ́? Ẹyẹ kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà Àríwá tó ń jẹ́ chickadee, takọtabo ẹ̀ máa ń wá kòkòrò ajẹwé bíi 6,000 sí 9,000 fún ọmọ kí wọ́n tó fò kúrò nínú ìtẹ́. Tó bá jẹ́ igi àjèjì tí kòkòrò ò fẹnu kàn lẹ gbìn, níbo ni wọ́n á ti rí i? Tẹ́ ẹ bá wá rí ihò lára ewé yín, ẹ má fín oògùn o, ẹ yọ̀ ni.

Ẹ sì sá fún igi òdòdó tó ń jẹ́ Lantana, àyàfi tó bá jẹ́ ilẹ̀ tó ti ṣẹ̀ wá lẹ wà. Ó rẹwà, labalábá ń mu oje ẹ̀, àmọ́ láti ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti jáde, ó sì ti gbalẹ̀ mọ́ ewéko onílẹ̀ lọ́wọ́ ní Áfíríkà, Íńdíà àti Ọsirélíà.

Bọ̀dá_Igbó:
Òótọ́ ni ìyá wa sọ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ìlú sí i. Tó bá jẹ́ igbó, ẹ wo ọ̀nà tí Akira Miyawaki fi ń gbin igi, ọ̀mọ̀wé ewéko ará Japan tó kú ní 2021. Wọ́n á tú ilẹ̀ dáadáa, wọ́n á po ewé jíjẹrà mọ́ ọn, wọ́n á wá gbin oríṣiríṣi igi ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ra wọn, bíi 3 nínú mítà kan sí mítà kan, àtèyí tó máa ga àtèyí tí kò ní ga, wọ́n á máa ro ó fún ọdún 2 sí 3, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń du oòrùn mọ́ra wọn lọ́wọ́ ló ń mú kí wọ́n yára ga. Ní Netherlands wọ́n ń ṣe é láàárín ìlú lórí ilẹ̀ tí kò ju pápá tẹníìsì kan lọ.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pápá koríko ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má gbin igi bò ó o! Koríko onílẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ga, ẹ gé e lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kẹ́ ẹ sì kó èyí tẹ́ ẹ gé kúrò, torí tó bá jẹrà síbẹ̀ ilẹ̀ á lọ́ràá jù, koríko tó le á wá bo àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀.

Ní ti àpótí, ẹ fowó yín pamọ́. Nínú 100 irú oyin tó ń dá gbé, bíi 70 ló ń gbẹ́lé sínú ilẹ̀, ẹ ṣáà fi ibì kan sílẹ̀ láìbò tí oòrùn á máa pa. Àpótí tí wọn ò bá tún ṣe, àrùn àti kòkòrò afòòró ló ń kó jọ. Igi gbígbẹ tó wó lulẹ̀, ẹ má kó o dànù, olú á hù lára ẹ̀, ọ̀bọ̀ùnbọ̀un á yé ẹyin sí i, alángbá á máa ṣọdẹ níbẹ̀.

Ọmọ_Ewéko:
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ omi àti ejò wá ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa.

Lámilámi:
Ẹ̀fọn ò nílò adágún yín kó tó bímọ, agolo tó gba omi òjò tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ igi ti tó o, tí ojú ọjọ́ bá móoru, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tanwíjí ti di ẹ̀fọn, kò sì sí ohun tó máa jẹ ẹ́ nínú agolo. Adágún tó ní ewéko nínú yàtọ̀, ọmọ lámilámi inú omi ń jẹ tanwíjí, àwọn kòkòrò omi míì náà ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí etí omi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kóhun tó bá já sí i lè rìn jáde, ẹ má sì kó ẹja sí i torí ẹyin àti ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni á kọ́kọ́ gbé mì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibi tí ọmọdé ń sáré ni, èmi ò ní gbẹ́ ẹ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ejò, oúnjẹ ló ń wá, eku sì wà lára oúnjẹ ẹ̀, pàǹtírí sì ló ń pe eku. Ẹ máa dé garawa ìdọ̀tí, ẹ kó igi gbígbẹ jìnnà sójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí koríko etí ọ̀nà kúrú kí gbogbo èèyàn máa rí ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Adé_Ọgbà:
Koríko kúkúrú yẹn wúlò fún nǹkan míì pẹ̀lú o. Tí etí ibẹ̀ bá gún régé, tí ẹ ri bọ́ọ̀dù kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ohun tó ń gbé ibẹ̀, àwọn èèyàn á mọ̀ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọn ò ní rò pé ẹ pa á tì. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gé koríko sọ̀rọ̀ fúnra yín, ẹ má fi mọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, torí ẹni tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló lè gé gbogbo ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan láìmọ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fín oògùn apakoríko nítòsí, tí láìtì bá wà níbẹ̀ kí wọ́n dorí ẹ̀ kọlẹ̀, àfòpiná ń yí po lára iná títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ilẹ̀, ẹ ya fótò gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń dá ẹranko àti ewéko mọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n á bá yín dá a mọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ tí wọ́n bá bi yín pé kí ló ti yí padà, ẹ ti ní ohun tẹ́ ẹ máa nà sí wọn.