Mobylette bàbá mi ní abà: ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Àwọn àwòrán oko àtijọ́ tí ẹ ń fi hàn wá láìpẹ́ yìí ló mú mi lọ tú àpótí ìyá mi wò, mo sì bá mẹ́ta níbẹ̀. Nínú èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù, bàbá mi jókòó sórí ìtì igi lẹ́nu abà wa lọ́nà odò Ọ̀pàrà, Mobylette rẹ̀, alùpùpù kékeré tí a tún lè fi ẹsẹ̀ wà, fara ti ògiri, iṣu márùn-ún sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó fi rọ́bà inú táyà dì mọ́ ọn. “Dahomey” ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àwòrán náà, èyí tí ó fi hàn pé ó ti wà ṣáájú oṣù kọkànlá ọdún 1975 tí orílẹ̀-èdè wa di Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé, ó ti dípẹtà. Mo fẹ́ kí ó gbé mi padà lọ sí abà, kí n tẹ́ ẹní síta kí n sùn níbẹ̀ bí a ti ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ kùn ún ni?

Mẹkáníìkì Àjàṣẹ́ dáhùn:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kùn ún. Ọ̀dà tuntun yóò bo gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ bàbá yín ti ha mọ́lẹ̀. Ní 1949 ni ilé iṣẹ́ Motobécane bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ yìí ní ilẹ̀ Faransé, kò sì sí ohun ìdijú nínú rẹ̀. Ẹ da kẹrosíìnì àti ẹ̀kúnwọ́ òkúta wẹ́wẹ́ sínú táǹkì, kí ẹ máa mì ín títí ìpẹtà yóò fi ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀: ihò kan wà nínú rẹ̀ tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ọ́ìlì gbígbẹ ló sábà máa ń dí i. Atẹ́gùn ni kí ẹ fẹ́ sí i, ẹ má fi irin gún un, nítorí bí ó bá fẹ̀ jù, epo yóò máa wọlé jù. Ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì. Lítà 1 ọ́ìlì ni kí ẹ pò mọ́ lítà 25 epo. Ọ́ìlì yẹn nìkan ni kì í jẹ́ kí irin inú rẹ̀ jẹ ara wọn.

Bàbá Kétu dáhùn:
Ọmọ mi, àwòrán yìí mú omi bọ́ lójú mi. Láti 1911 ni ọkọ̀ ojú irin ti dé ọ̀dọ̀ yín ní Ṣábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) bọ̀, Pọ́bẹ̀ ló parí sí, kò dé Kétu. Mobylette ló ń gbé wa. A ó máa fi ẹsẹ̀ wà á, a ó tẹ irin kékeré tó wà lórí ọwọ́ rẹ̀, bí eré bá ti wọ̀ ọ́, a ó jọ̀wọ́ irin náà, ẹ̀rọ á sì dáhùn. Kò yára, ajá lè bá wa sáré dé oko, bí àparò bá sì gba ọ̀nà kọjá, a ó rí i, a ó sì mọ ibi tí ó wọ̀. Nínú ọkọ̀ tí àwọn ọmọ mi fi ń gbé mi nísinsìnyí, gíláàsì a wà ní pípadé, n kì í gbóòórùn igbó mọ́. Iná Mobylette kì í tàn bí ẹ̀rọ bá ti kú, nítorí náà mú àtùpà dání. Àtùpà ọdẹ la ń lò nígbà náà: omi á máa kán sórí kábáìdì, atẹ́gùn tí ó bá jáde á gbiná, á sì funfun báláú. Má dá lọ o. Mú àwọn ọmọ rẹ lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ṣeun, ọ̀gá mẹkáníìkì. Mo tú táǹkì láàárọ̀ yìí, mo sì bá ilé agbọ́n nínú páìpù èéfín. Rọ́bà inú àwòrán yẹn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti sán, ṣùgbọ́n kókó tí bàbá mi ta sí i kò tíì tú. Mi ò fọwọ́ kàn án.