Aago Oúnjẹ Ni A Kò Béèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti béèrè bóyá ó yẹ kí ẹni tó ní ọmọ kékeré lọ fún ìsinmi àsanpọ̀, ìyẹn irú èyí tí àwọn tó ń ta ìrìn-àjò ń pè ní all-inclusive, níbi tí ènìyàn ti máa ń san owó yàrá, oúnjẹ, ohun mímu àti eré ìdárayá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó kúrò nílé. Èmi àti ọkọ mi ṣe é ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá pẹ̀lú ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ oṣù 22 nígbà náà. Ojú wa rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa kí a tó lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí, láti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó.

Gámbíà ni a lọ. Ohun tó mú wa yan ibẹ̀ ni pé ọmọ ilẹ̀ ECOWAS ni wá, a kò nílò físà láti dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ 90, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba wọn ń lò, òjò wọn sì máa ń dá ní oṣù kẹwàá, tó fi jẹ́ pé nígbà tí a máa débẹ̀ ilẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀fọn sì ti dínkù. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ọmọ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń gba nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 owó àgbàlagbà lórí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, tí yóò jókòó lórí itan òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pé ọdún 2, kódà bó jẹ́ àárín ìrìn-àjò ló pé e, ó di dandan kí a ra ìjókòó tirẹ̀ fún ìpadàbọ̀. Oṣù kejìlá ni ọmọ wa máa pé ọdún 2, nítorí náà a sáré. Ẹni tó bá fẹ́ sáré bíi tiwa, kó rántí pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀, àti pé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n ń fún ọmọ ní oṣù 9 kò tó fúnra rẹ̀. Káàdì tó fi hàn pé ó gbà á ni wọ́n máa ń béèrè ní pápákọ̀ òfurufú.

Bí a ṣe yan ilé ìtura ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi fa ilà sínú ìwé, ó kọ orúkọ ilé ìtura mẹ́rin sí òkè, ó sì ń ka ohun tí owó kọ̀ọ̀kan kó mọ́ra sí ìsàlẹ̀: ilé oúnjẹ mélòó, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mélòó, ọtí oríṣi mélòó, ibi ìṣeré ọmọdé, ijó alẹ́. Èyí tí nǹkan rẹ̀ pọ̀ jù ló gba ipò kìíní, a sì san owó. Kò sí ẹni tó béèrè nínú wa pé aago mélòó ni wọ́n ń ṣí àwọn nǹkan wọ̀nyí, tàbí pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ìgbà tí a débẹ̀ ni a tó mọ̀ pé ọmọ tó bá ti pé ọdún 4 nìkan ni wọ́n ń gbà sí ibi ìṣeré ọmọdé yẹn. Ọtí ńkọ́? Èmi kì í mu ún, ọkọ mi kì í sì í mu ju ẹlẹ́rìndòdò lọ, bẹ́ẹ̀ owó ọtí ti wà nínú owó tí a san.

Aago Gámbíà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Àgbàlagbà kì í fura sí wákàtí kan, ṣùgbọ́n ikùn ọmọdé kò mọ̀ pé òun ti kúrò ní Àkúrẹ́. Aago 6 ìdájí ni ọmọ wa máa ń jí nílé, èyí túmọ̀ sí pé aago 5 ló jí níbẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Mo rí i pé ẹnì kan ń fa etí mi nínú òkùnkùn, ó ní, “Màmá, jẹun.” Mo ní kó sùn. Ó tún fà á. Ilé oúnjẹ kì í ṣí títí di aago 7, ẹni tó gbé ìpè nígbà tí mo pe ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé kò sí ẹnì kankan ní ilé ìdáná. Ohun tó yọ wá ni ọ̀rá ògì gbígbẹ kan tí ìyá ọkọ mi fi dandan tì sínú àpótí wa láàárọ̀ ọjọ́ tí a kúrò nílé, lẹ́yìn tí mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì pé, “Màmá, oúnjẹ ti wà nínú owó tí a san.” Wọn kò dá mi lóhùn, wọ́n kàn ń ká aṣọ ọmọ lé e lórí. Mo po ògì náà nínú ife ìfọyín, nítorí kò sí abọ́, mo ń da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi ṣíbí tíì rò ó. Àkọ́kọ́ ṣù, mo dà á nù, mo po òmíràn. Nígbà tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, ó sì mu ún tán láìgbójú sókè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀sán àti alẹ́ rí. Oúnjẹ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 ààbọ̀, ó sì parí ní aago 2 ààbọ̀, ṣùgbọ́n àkókò tí ọmọ wa ń sun oorun ọ̀sán gan-an nìyẹn, tó fi jẹ́ pé tí ó bá jí, ṣe ni a ń sáré gbé e lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n fi ń polówó jù, aago 7 ni wọ́n ń gbé e jáde, ìyẹn aago 8 tiwa, nígbà tí ọmọ ti sùn tàbí tí ó ti ń sunkún kiri. Ní alẹ́ méjì àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wa ló ń lọ jẹun tí èkejì ń ṣọ́ ọmọ, nítorí òfin wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbé oúnjẹ jáde. Ní ọjọ́ kẹta mo tọ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ìkòkò lọ, mo kí i, mo sì ro ẹjọ́ mi fún un. Ọlọ́mọ ni òun náà. Láti ọjọ́ náà, ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, ó máa ń bu ìrẹsì àti domoda, ìyẹn ọbẹ̀ ẹ̀pà wọn, sínú abọ́ olómorí fún wa, ó sì ń bù ú sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi ata sí i. Ọmọ wa jẹ ẹ́ ju gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì ńlá lọ. Inú rere obìnrin náà ni. Kò sí nínú ohun tí a sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ omi ló le jù, n kò sì ní fi bò. Àwa fúnra wa la bẹ̀bẹ̀ fún yàrá ìsàlẹ̀, kí a má baà máa gbé ọmọ gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá náà, mo fi ẹsẹ̀ ka ibẹ̀ dé etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́: ìgbésẹ̀ 12. Kò sí ọgbà, kò sí okùn, òdòdó nìkan ló wà láàárín, ọwọ́ ọmọdé sì tó ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọdé tó bá kó sómi kì í sábà pariwo; kì í rí èémí tí yóò fi ké, omi tí kò sì ju orúnkún àgbà lọ tó láti pa á. Ọkọ mi kó àga méjì àti àpótí wa ti ilẹ̀kùn náà mọ́jú, síbẹ̀ n kò fojú ba oorun títí ó fi kù díẹ̀ kí ọmọ jí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbé wa lọ sí òkè. Ní ti òkun, etí rẹ̀ nìkan ni ọmọ fi ẹsẹ̀ kàn, nítorí ìṣàn Àtìláńtíìkì lágbára, bí àsíá pupa bá sì wà lókè, àgbà pàápàá kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ wa ní ọjọ́ kẹrin. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu gbuuru, àti oògùn síǹkì tí a rà ní Àkúrẹ́ ni a lò, síǹkì náà 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbẹ́ ti dá ní ọjọ́ kejì.

N kò sọ pé a kò gbádùn rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì á ní òun fẹ́ ẹja, ẹ gbé e dé, á ní kì í ṣe ẹja, ìbẹ́pẹ ni. Ní ilé oúnjẹ tí a ti ń san owó abọ́ kọ̀ọ̀kan, ara mi ì bá ti gbóná. Níbẹ̀, mo kàn dìde lọ mú ìbẹ́pẹ. Fún ọjọ́ mẹ́fà n kò ronú ohun tí a máa sè. Ìsinmi gidi nìyẹn, mo sì tún fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó san kọ́bọ̀ nígbà mìíràn, n óò béèrè aago tí ọmọ lè kọ́kọ́ rí oúnjẹ láàárọ̀ àti aago tí ó lè jẹun kẹ́yìn, bóyá ọgbà yí omi ká, àti bóyá iye owó kan wà fún ẹni tí kò mutí, tàbí fún oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́ nìkan.

Èsì láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní ìlú Òǹdó:

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá kejì, nítorí àwa kò san àsanpọ̀. Ìkògòsì ní Èkìtì ni mo kó ìyàwó mi, ìyá mi àti ọmọ wa ọdún 3 lọ. A gba Àkúrẹ́ kọjá sí Ìgbárà-Òkè, a sì yà sí ọ̀nà Ìgbárà-Odò. Owó yàrá nìkan ni mo san, mo wá di sítóòfù gáàsì kékeré, ìrẹsì, iṣu àti ẹja gbígbẹ sẹ́yìn ọkọ̀. Ní ti ọmọ, kò sí ohun tó kù. Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, ó ti èkejì bọ omi tútù níbi tí méjèèjì ti pàdé, ó yọ wọ́n, ó tún tì wọ́n bọ̀ ọ́, títí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ fi hunjọ. Ìgbà tí ebi bá pa á ló ń jẹun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ni mo tó kíyè sí i pé ìyàwó mi kò tíì dé ibi omi náà rárá. Ìdí sítóòfù ló wà láàárọ̀, ibẹ̀ ló wà lọ́sàn-án, abọ́ ló sì ń fọ̀ lálẹ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo ti ń yọ̀ pé owó tí mo ná kò pọ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo ra oúnjẹ fún gbogbo wa, òun náà sì lọ ti ẹsẹ̀ bọ omi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ibòmíràn báyìí?

Èsì mi:

Ẹ ṣeun, bàbá wa, ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti Màmá. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìtura méjì. Ọ̀kan dáhùn pé aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ ọmọdé kalẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò ọgbà tó yí omi ká ránṣẹ́ sí mi. Èkejì dáhùn pé gbogbo nǹkan ló wà nínú owó. Mo tún béèrè aago, wọn kò tíì fèsì. Ìyá ọkọ mi ti ní kí n tètè sọ ọjọ́ tí a máa lọ, kí wọ́n lè ráyè sá ògì.