Híítà iná kW mélòó ló yẹ kó ti heat pump inú ilẹ̀ lẹ́yìn?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará, ẹ kú òtútù o. Minneapolis ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, a sì fẹ́ fi heat pump tó ń fa ooru láti inú ilẹ̀ rọ́pò ẹ̀rọ onígáàsì wa. Ìṣirò Manual J, tí wọ́n fi ń mọ iye ooru tí ilé nílò, fi hàn pé bí òtútù bá mú dé dígírì Fahrenheit 11 nísàlẹ̀ òdo, ilé wa yóò máa pàdánù ooru 48,000 BTU (BTU ni ìwọ̀n ooru) ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbé wá (tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 12,000 BTU ní wákàtí kan). Ní ti híítà iná tí yóò jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà fún un, ẹnìkan ní 5 kW ti tó, ẹlòmíràn ní àfi 20 kW. Búrékà àgbà ilé wa kò ju 100 amp lọ, ìyá mi àti ọmọ ọwọ́ sì wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n mú?

Èsì kìíní
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra fún yín. Ọ̀tọ̀ ni híítà tó ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tí yóò dá gbé ilé ró bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ọkàn heat pump náà, bá kú lóru. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tọ́ọ̀nù mẹ́rin tàn yín jẹ, nítorí bí omi tó ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ bá ti tutù dé dígírì 30, ẹ̀rọ náà kò ní mú 48,000 jáde mọ́. Ẹ bèèrè tábìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ jáde, kí ẹ wo ìlà 30 yẹn gan-an. Ká ní 37,000 ni ẹ bá níbẹ̀, 11,000 ló kù. kW kan ń mú 3,412 BTU wá ní wákàtí kan, nítorí náà ohun tó kù kò ju 3.2 kW lọ, 5 kW sì ti ju ìyẹn lọ. Ti pàjáwìrì, níbi tí híítà yóò ti dá gbé gbogbo 48,000, ni yóò gba 14 kW, ìyẹn ni pé kí ẹ ra 15. N kò rí iṣẹ́ tí 20 fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Èsì kejì
Oníṣẹ́ iná ni mí. Lórí 240 volt, 15 kW ń fa 62.5 amp, òfin sì ní kí a fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e, ó di búrékà 80 amp. Kò sí bí èyí yóò ṣe bá sítóòfù àti ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ gbé lórí 100 amp yín. Bí ẹ bá fi mọ sí 10 kW, híítà náà lè dá mú ilé dúró ní dígírì 70 títí òtútù ìta yóò fi dé bíi 12. Bí òtútù bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Nítorí ọmọ ọwọ́ yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí àpótí búrékà sí 200.

Èsì kẹta
Ẹ fi thermostat, ohun tí a fi ń yan bí ilé yóò ṣe gbóná tó, sọ́kàn pẹ̀lú. Ní ọdún àkọ́kọ́ wa, à ń rẹ̀ ẹ́ sí 62 lálẹ́, a sì ń gbé e sí 70 ní agogo márùn-ún ìdájí. Mo na ọwọ́ sí ojú ihò afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ kan, ó gbóná ju ti ìgbàkigbà lọ: híítà iná ló ti gba iṣẹ́ ṣe láràárọ̀, owó iná sì fò sókè. Ní báyìí a kì í rẹ̀ ẹ́ mọ́, a sì ti dè é kí híítà má lè tàn àyàfi bí ìta bá lọ sísàlẹ̀ dígírì 10.

Ẹni tó bèèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí tábìlì náà: 36,500 ló wà ní ìlà 30. A ó yí àpótí náà sí 200 amp, a ó gba 15 kW tí a pín sí 5 àti 10, kí 5 nìkan máa ran ẹ̀rọ lọ́wọ́, kí 10 tó kù má tàn àfi lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá kọ iṣẹ́.